Bí Aláìsàn Ṣe Yẹ Kó Múra Sílẹ̀ fún Àyẹ̀wò Ultrasound

Àyẹ̀wò ultrasound, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní síkáànù, wà lára àwọn àyẹ̀wò tí kì í ni aláìsàn lára. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kò ní abẹ́rẹ́ nínú, kò sì lo irú ìtànṣán tí ẹ̀rọ X-ray ń lò. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn àyẹ̀wò tí àìmúrasílẹ̀ tètè máa ń bà jẹ́. Ẹni tí ó ti jẹun kó tó dé ilé ìwòsàn, ẹni tí ó lọ tọ̀ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n pè é wọlé, tàbí ẹni tí ó mu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lójú ọ̀nà lè dé orí ibùsùn kí àwòrán má jáde bó ṣe yẹ. Wọn yóò ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú èsì rẹ̀ pé àwọn kò rí apá kan inú rẹ̀ dáadáa. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tí ara ń ni, tí ó ti ń fi ìbẹ̀rù retí èsì, tí wọ́n dá padà sílé lọ́nà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àlàyé ìṣẹ́jú 5 péré ni ì bá gbà á lọ́wọ́ ìrìnàjò ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin nínú gbogbo ohun tí ẹ óò kà níhìn-ín ni pé kò sí ìmúrasílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó bá gbogbo síkáànù mu. Ohun tí ó ń tún ọ̀kan ṣe lè ba èkejì jẹ́ pátápátá. Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ̀ lé ohun tí aládùúgbò tàbí ọ̀rẹ́ yín ṣe nígbà tirẹ̀, àfi tí ó bá jẹ́ pé ibi kan náà gan-an ni wọ́n fẹ́ wò lára ẹ̀yin méjèèjì.

Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ẹ gbààwẹ̀ tàbí kí ẹ mu omi

Ẹni tí ó bá mọ ìdí òfin kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ̀rọ síkáànù ń rán ìgbì ohùn wọnú ara. Ohùn tí ó bá ju ìgbì 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ yìí ń lò sábà máa ń wà láàárín mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 18. Nígbà tí ohùn náà bá kan ẹ̀yà ara, apá kan rẹ̀ yóò ta padà, ohun tí ó ta padà yìí sì ni ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán. Omi máa ń jẹ́ kí ohùn náà kọjá láìsí ìdíwọ́. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó kọjá rárá, ńṣe ló ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà, tí ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́yìn afẹ́fẹ́ yẹn kò sì ní hàn. Láti ìgbà tí dókítà Ian Donald àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Glasgow, ní Scotland, ti gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí fífi ìgbì ohùn wo inú ikùn jáde ní ọdún 1958 ni ẹ̀rọ yìí ti ń dára sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣì ni ọ̀tá rẹ̀ títí di òní.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi jẹ́ẹ̀lì pa ara kí wọ́n tó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi kan ara, lé e: jẹ́ẹ̀lì náà ń lé afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín awọ ara àti ẹ̀rọ kúrò. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń ní kí ẹ má jẹun, nítorí pé bí ènìyàn ṣe ń jẹ, tí ó ń mu, ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ mì, oúnjẹ tí ó sì ń dà nínú ìfun ń mú afẹ́fẹ́ tirẹ̀ wá. Omi inú àpò ìtọ̀ ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi fèrèsé, ó ń ti ìfun tí afẹ́fẹ́ kún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń jẹ́ kí ohùn ríbi gbà dé ilé ọmọ, ilé ẹyin tàbí prostate (ẹ̀yà ara kékeré kan tí ọkùnrin nìkan ní) tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì, ẹ má dúró múra ohunkóhun

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ẹ̀mí. Ẹni tí inú ń run kíkankíkan lójijì, aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹni tí ó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí ọkùnrin tí kóró ẹpọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún gidigidi lójijì kò gbọ̀dọ̀ jókòó sílé pé òun ń dúró kí wákàtí 8 pé tàbí kí àpò ìtọ̀ kún. Kí ó máa lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà ti jẹun yó. Àwọn dókítà pàjáwìrì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe síkáànù fún ẹni tí kò múra, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ wà fún àyẹ̀wò tí wọ́n ti dá ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí wọ́n fẹ́ wò gan-an

Ẹ ka ìwé tí dókítà fún yín. Bí ẹ kò bá lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, tàbí bí ó bá jẹ́ pé “síkáànù ikùn” nìkan ni wọ́n sọ fún yín lẹ́nu, ẹ padà bi í léèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: ṣé ikùn òkè ni, níbi tí ẹ̀dọ̀ àti àpò òróòro wà, àbí abẹ́ ikùn ni, níbi tí àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ wà? Ṣé méjèèjì ni? Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó ń fa àṣìṣe jù lọ, nítorí “ikùn” ni gbogbo wa ń pe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìmúrasílẹ̀ wọn yàtọ̀ síra. Abèèrè kì í ṣìnà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kàn sí ibi tí ẹ óò ti ṣe àyẹ̀wò náà, kí ẹ sì béèrè ìlànà tiwọn. Iye wákàtí ààwẹ̀ àti ìwọ̀n omi tí wọ́n ń fẹ́ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn. Bí ohun tí wọ́n sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kà níhìn-ín, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ sọ ipò ara yín fún wọn nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́

Bí ẹ bá ní àrùn àtọ̀gbẹ, ẹ ní kí wọ́n fi yín sí àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀, kí ààwẹ̀ náà lè jẹ́ ti òru, nígbà tí ẹ ti sùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bí ẹ óò ṣe lo ìnsúlíìnì tàbí oògùn ṣúgà yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé ẹni tí ó lo oògùn ṣúgà tí kò sì jẹun lè ṣàdédé rí i pé ṣúgà ara òun já wálẹ̀. Ẹ mú nǹkan dídùn dání. Bí òógùn bá bẹ̀rẹ̀ sí bò yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ojú ń ṣú tàbí tí ọkàn ń pòrúùru, ẹ lá ṣúgà náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ń ba àyẹ̀wò jẹ́. Ọjọ́ mìíràn wà fún síkáànù.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó, tí dókítà sì ti dín iye omi tí ó lè mu lójúmọ́ kù, kò gbọ̀dọ̀ mu lítà omi kan nítorí pé ìwé ìlànà sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó sọ fún wọn, wọn yóò wá ọ̀nà mìíràn.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gba ẹran ara díẹ̀ lábẹ́ síkáànù, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún kókó inú ọyàn, ti ọrùn tàbí ti ẹ̀dọ̀, ẹ sọ bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bíi warfarin, clopidogrel tàbí aspirin. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín dá a dúró o. Dókítà tí ó kọ ọ́ fún yín ni ó lè sọ bóyá kí ẹ dúró díẹ̀ tàbí kí ẹ máa lò ó lọ, nítorí pé ẹni tí ó dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró láìgba àṣẹ lè ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ tàbí nínú ọkàn. Fún síkáànù lásán tí kò ní abẹ́rẹ́ nínú, kò sí ìdí láti dá a dúró rárá.

Ẹ sọ bí rọ́bà bá máa ń ṣe ara yín ní nǹkan, kí wọ́n lè lo ìbọ̀wọ́ àti ìbòrí ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti rọ́bà. Ẹ sọ pẹ̀lú bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ fún yín láti mu oògùn funfun tí wọ́n ń pè ní barium fún X-ray ìfun, tàbí láti fi ẹ̀rọ oníhò wo inú ìfun. Síkáànù ikùn ni ó yẹ kó ṣáájú, nítorí pé barium àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú ìfun nígbà àwọn àyẹ̀wò yẹn kò ní jẹ́ kí síkáànù rí nǹkan fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ múra gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n fẹ́ wò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ikùn òkè, ìyẹn ẹ̀dọ̀, àpò òróòro, pancreas (ẹ̀yà ara tí ó ń pèsè ìnsúlíìnì) àti òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó gba àárín ikùn kọjá. Ààwẹ̀ wákàtí 6 sí 8 ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Bí agogo 9 òwúrọ̀ bá ni àkókò yín, ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ tí kò ní ọ̀rá púpọ̀, kí ẹ má sì jẹ ohunkóhun mọ́ láti agogo 12 òru. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó dára kí ẹ yẹra fún oúnjẹ tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ó máa ń wú yín níkùn, irú bí ẹ̀wà, àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ẹ má sì mu sìgá, nítorí pé méjèèjì ń mú kí ènìyàn gbé afẹ́fẹ́ mì. Ẹ lè fi omi díẹ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín tàbí oògùn mìíràn tí ẹ kò gbọ̀dọ̀ fò. Tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí ti di oúnjẹ o, ẹ má mu ún.

Àpò òróòro ni ààwẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún jù. Àpò kékeré yìí máa ń kún nígbà tí inú bá ṣófo, ṣùgbọ́n ní kété tí oúnjẹ bá wọ ìfun, pàápàá èyí tí ó ní ọ̀rá, yóò fún ara rẹ̀ pọ̀ láti tú òróòro jáde. Nígbà tí ó bá ti fún pọ̀ tán, yóò kéré, ògiri rẹ̀ yóò sì nípọn lójú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí àrùn wà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tí ó bá sì wà nínú rẹ̀ lè fara pamọ́. Àmọ́ bí àpò náà bá kún, òkúta a máa hàn kedere bí ohun funfun kan tí òjìji dúdú wà lẹ́yìn rẹ̀. Onímọ̀ síkáànù yóò ní kí ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, yóò sì máa wojú ẹ̀rọ bí òkúta náà ṣe ń yí gbirigbiri lọ sí apá ibi tí ó wá di ìsàlẹ̀ àpò náà. Yíyí tí ó yí yẹn ni ó fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí kókó ẹran kékeré tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri, nítorí pé kókó ẹran kì í kúrò lójú kan. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì lè yí ìtọ́jú padà, oúnjẹ àárọ̀ kan ṣoṣo sì lè mú kí ó nira láti mọ̀ ọ́n.

Fún ọmọdé, ẹ má ṣe fi wákàtí àgbàlagbà lé wọn lórí. Ọmọ ọwọ́ sábà máa ń fo oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré, nǹkan bíi wákàtí 3 sí 4. Ẹ gbìyànjú láti mú kí àyẹ̀wò náà bọ́ sí ìgbà tí ó yẹ kó jẹun, kí ẹ sì mú wàrà rẹ̀ dání kí ó lè rí i mu ní kété tí wọ́n bá parí. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ó ti gbọ́n díẹ̀, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò fi nǹkan tútù pa á níkùn, kò ní dùn ún, inú yàrá yóò sì ṣókùnkùn díẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ abẹ́ ikùn, ìyẹn ilé ọmọ, ilé ẹyin, àpò ìtọ̀ tàbí prostate, tí wọ́n sì fẹ́ wò ó láti orí ikùn, omi ni ìmúrasílẹ̀ yín, ẹ sì lè jẹun. Ká ní agogo 10 ni wọ́n dá fún yín. Ẹ tọ̀ ní nǹkan bí agogo 8 ààbọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí mu omi lásán, nǹkan bí lítà 1, kí ẹ sì ti mu ún tán tí ó bá fi máa di agogo 9. Láti ìgbà náà, ẹ má tọ̀ mọ́ títí wọn yóò fi ṣe tán. Ẹ fara balẹ̀ mu ún díẹ̀díẹ̀, ẹ má dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń bá gbígbémì kíákíá wọlé. Ẹni tí ó bá dé ilé ìwòsàn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí mu omi yóò dúró pẹ́, nítorí pé omi kì í sáré dé àpò ìtọ̀ ní ìṣẹ́jú 10.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí ẹ máa jìyà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ìtọ̀ máa gbọ̀n yín ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì lè mú un mọ́ra. Bí ó bá ti di ìrora, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n lè ní kí ẹ tọ̀ díẹ̀ sínú ife kí ẹ sì dá èyí tí ó kù dúró. Àpò ìtọ̀ tí ó kún àkúnjù kò wúlò fún ẹnikẹ́ni: ó ń tẹ àwọn ẹ̀yà ara tí ó yí i ká, ó sì lè jẹ́ kí kíndìnrín rí bí èyí tí ó wú, nígbà tí kò sí àrùn kankan níbẹ̀. Fún àwọn ọkùnrin tí ìtọ̀ ń ṣòro fún, wọ́n lè wo àpò ìtọ̀ nígbà tí ó kún, kí wọ́n ní kí ẹ lọ tọ̀, kí wọ́n sì tún wò ó láti mọ iye ìtọ̀ tí ó ṣẹ́kù. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán, ẹ má ṣe máa lọ sílé. Ẹ padà wọlé.

Bí ikùn òkè àti abẹ́ ikùn bá jẹ́ àyẹ̀wò ọjọ́ kan náà, ẹ gba ààwẹ̀ oúnjẹ, kí ẹ sì mu omi lásán ní àkókò tí wọ́n bá sọ. Omi lásán kì í mú kí àpò òróòro fún pọ̀ bí oúnjẹ ọlọ́ràá ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè, nítorí ibi kan wà tí wọ́n máa ń fẹ́ wo òkè tán kí ẹ tó mu omi.

Síkáànù tí wọ́n ń ṣe láti ojú ara obìnrin ni ó máa ń da ọkàn ọ̀pọ̀ rú, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Níbi èyí, àpò ìtọ̀ tí ó ṣófo ni wọ́n ń fẹ́, ìdàkejì èyí tí wọ́n ń ṣe láti orí ikùn. Ọwọ́ ẹ̀rọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi ìbòrí tí ó mọ́ tónítóní wé e, wọ́n sì fi jẹ́ẹ̀lì pa á, apá kékeré rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi wọlé. Ó sún mọ́ ilé ọmọ àti ilé ẹyin, ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi máa ń mọ́ ju ti orí ikùn lọ. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí obìnrin kan wà nínú yàrá pẹ̀lú yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n dúró bí ó bá ń dùn yín, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Obìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin rí kí ó sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú, wọn yóò lo orí ikùn dípò rẹ̀. Nǹkan oṣù kò dí àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ yọ ohunkóhun tí ẹ bá fi sí ojú ara, kí ẹ sì mọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí pé ìnípọn inú ilé ọmọ máa ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, dókítà kò sì lè túmọ̀ rẹ̀ láìmọ ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn yìí kan náà ni wọn yóò bi aláboyún léèrè. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n lè ní kí ó mu omi, ṣùgbọ́n bí oyún bá ti dàgbà, omi tí ó yí ọmọ ká ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kò sì sí ìdí láti máa mú ìtọ̀ mọ́ra. Aláboyún kì í gbààwẹ̀ nítorí síkáànù oyún. Ìgbà tí ẹ lọ ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ jẹ lọ: síkáànù oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó ń sọ ọjọ́ orí oyún lọ́nà tí ó péye jù, láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 ni wọ́n ń wọn omi ẹ̀yìn ọrùn ọmọ, àyẹ̀wò ẹ̀yà ara ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 18 sí 22. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà á nímọ̀ràn pé kí gbogbo aláboyún ṣe síkáànù kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ẹni tí oyún rẹ̀ ti tóbi, tí òòyì ń kọ́ bí ó ṣe dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ó tètè sọ ọ́, kí ó sì yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ìwúwo ilé ọmọ ni ó ń tẹ òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó ń padà sí ọkàn, òòyì náà yóò sì lọ bí ó bá ti yí.

Prostate tí wọ́n bá fẹ́ wò láti ojú ihò ìdí yàtọ̀ sí ti orí ikùn: wọ́n lè ní kí ẹ yàgbẹ́ dáadáa kí ẹ tó wá, tàbí kí wọ́n fún yín ní oògùn tí wọ́n ń fún sí ìdí láti fi fọ ìfun. Síkáànù ọkàn láti orí àyà kò nílò ìmúrasílẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gbà láti ọ̀nà ọ̀fun ń béèrè ààwẹ̀ nǹkan bíi wákàtí 6, yíyọ eyín àtọwọ́dá, àti ẹni tí yóò mú yín délé, nítorí oògùn oorun tí wọ́n ń lò.

Ọrùn, ọyàn, ẹpọ̀n, iṣan, oríkèé àti òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ kò béèrè ààwẹ̀ tàbí omi. Ẹ kàn yọ ẹ̀gbà ọrùn, kí ẹ má sì fi ìpara tàbí pàúdà sí ibi tí wọ́n fẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Òwúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò

Ẹ wọ aṣọ tí ó pín sí méjì, tí kò fún, kí ó lè jẹ́ pé òkè nìkan tàbí ìsàlẹ̀ nìkan ni ẹ óò ṣí. Ẹ mú ìwé dókítà dání, àti èsì síkáànù tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ohun mìíràn, ẹ má gbàgbé èsì àtijọ́ yìí. Kókó tí ó tóbi tó mílímítà 12 lónìí lè má ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù bí ó bá ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó lè mú dókítà ṣe nǹkan kíákíá bí ó bá jẹ́ mílímítà 5 ní ìgbà tí ó kọjá. Onímọ̀ síkáànù tí kò rí èsì àtijọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ orúkọ oògùn yín àti iṣẹ́ abẹ tí ẹ ti ṣe rí sórí ìwé pélébé kan. Ẹni tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ tàbí àpò òróòro rẹ̀ rí kí ó tètè sọ, kí wọ́n má baà máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ dé síbẹ̀ ṣáájú àkókò. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì jẹun tàbí tọ̀, ẹ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè sún yín sẹ́yìn fún wákàtí díẹ̀, wọ́n sì lè rí i pé ohun tí àwọn fẹ́ wò kò béèrè rẹ̀. Ìpalára wà nínú kí ẹ dákẹ́, kí wọ́n sì máa fi ojú ẹni tí ó gbààwẹ̀ wo àwòrán ẹni tí ó ti jẹun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lórí ibùsùn

Ọ̀pọ̀ síkáànù kì í ju ìṣẹ́jú 15 sí 45 lọ. Jẹ́ẹ̀lì náà lè tutù. Wọn yóò ní kí ẹ mí sínú kí ẹ sì sé èémí, nítorí pé bí ẹ bá mí sínú, ẹ̀dọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ kúrò lábẹ́ egungun ìhà, tí ohùn kò lè gbà kọjá. Ẹ ṣe é bí wọ́n ti wí, kí ẹ sì mí síta nígbà tí ẹ kò bá lè sé e mọ́. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá tẹ ibi tí ó dùn yín gan-an, ẹ má ṣe gbé e mì. Ẹ sọ pé “ibí ni,” nítorí pé ibi tí ó dùn wà lára ohun tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ àrùn.

Ẹ má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ onímọ̀ síkáànù dẹ́rù bà yín. Ó ń wọn nǹkan, ó sì ń ya àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òun kọ́ ni ó ń sọ èsì. Dókítà tí ó mọ àwòrán kà ni yóò wo gbogbo rẹ̀ tí yóò sì kọ èsì ránṣẹ́ sí dókítà tí ó rán yín wá.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò

Ẹ nu jẹ́ẹ̀lì náà kúrò. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í sì ba aṣọ jẹ́ títí lọ. Ẹ lè tọ̀, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì lo oògùn tí ẹ dá dúró, àfi bí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ gba ẹran ara tàbí lo oògùn oorun, nígbà yẹn ìlànà tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì yóò jáde àti ọwọ́ ẹni tí ẹ óò ti gbà á, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan pa mọ́ fún àyẹ̀wò tí ó ń bọ̀. Bí èsì náà bá sọ pé afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n rí apá kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà han dókítà yín ní tààràtà, kí ẹ bi í bóyá kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ààwẹ̀ tí ó péye tàbí kí ẹ lọ ṣe irú àyẹ̀wò mìíràn, nítorí pé ohun tí wọn kò rí kì í ṣe ohun tí wọ́n ti wò tí wọ́n sì rí i pé kò sí àrùn nínú rẹ̀.